Ẹ wo àwòrán ilé kí ẹ tó sanwó ní Ítálì
Ẹ̀yin ará wa, ẹnì kan tún fẹ́ fọwọ́ sí compromesso (ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ láti ra ilé) láàárọ̀ yìí láì tíì rí planimetria, ìyẹn àwòrán ilé tó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, ẹ mú un dání wọ inú ilé, kí ẹ fi wo yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti wó ògiri ilé ìdáná tó ṣì wà nínú àwòrán, notaio (amòfin tó ń ṣe ìwé títà ilé) ò ní parí iṣẹ́ àfi tí wọ́n bá tún àwòrán náà ṣe ní catasto, ìyẹn àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀ ti ìjọba. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé ẹni tó ń tà ni yóò sanwó àtúnṣe.

Caparra, owó àsansílẹ̀ tí ẹ fi di àdéhùn mú, ńkọ́? Bí ẹ bá yẹ àdéhùn, ó lọ nìyẹn. Bí ẹni tó ń tà ló bá yẹ̀ ẹ́, ìlọ́po méjì ni yóò dá padà.