Kọ́kọ́rọ́ Ìkẹjà, ilẹ̀kùn Leeds

Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds, kí wọ́n tó fi ibi tí a ń gbé báàgì sí hàn mí, wọ́n ti mú mi yí ká gbogbo ọ̀nà àbájáde. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ààbò iná ti ọdún 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ ní England àti Wales pé kó dá òṣìṣẹ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́ lórí iná, kó sì jẹ́ lásìkò iṣẹ́. Owó wákàtí yẹn ń wọlé fún mi bí mo ṣe jókòó tí mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní Ìkẹjà tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ìpàdé tí kò bá mú ọjà jáde, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ebi á sì ti máa pa gbogbo wa.

Mo rò pé wọ́n á ní tí aago iná bá dún, kí gbogbo èèyàn sá jáde. Rárá o. Arúgbó tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí kò lè dá dìde, báwo ló ṣe fẹ́ sá? Wọ́n pín ilé náà sí apá-apá, wọ́n fi ilẹ̀kùn tó lè dá iná dúró fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú là wọ́n láàárín. Apá tí iná wà la ó ti kó àwọn arúgbó kọjá sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó kàn, lórí àjà kan náà. Tí iná bá tún ń bọ̀, a ó tún sún síwájú. Olúkúlùkù wọn ló ní ìwé tirẹ̀: ẹni tó lè rìn, ẹni tó gba èèyàn méjì, ẹni tí etí rẹ̀ di tí kò ní gbọ́ aago. Lábẹ́ tìmùtìmù àwọn kan, aṣọ líle kan wà tí a lè fi wọ́ wọn lọ. Ọ̀kan nínú wa dùbúlẹ̀ ká lè fi dánra wò. Ọkùnrin gìrìpá ni, òógùn bò wá. Òru ni olùkọ́ náà tẹnu mọ́ jù, torí òṣìṣẹ́ kì í pọ̀ lóru. Ó ní ẹni tó bá fi àga há ilẹ̀kùn iná kó má bàa pa dé, ó ti ba gbogbo ètò jẹ́.

Ilẹ̀kùn yìí ló mú mi rántí Ìkẹjà. A ní ẹ̀rọ panápaná lára ògiri níbẹ̀, tí wọ́n máa ń nù nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò bá fẹ́ dé. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo kà sí ewu jù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni: àgádágodo wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lápò Bàbá mẹ́gáàdì, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí ọjà gba ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òfin ilé iṣẹ́ ti Nàìjíríà kò fàyè gba kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́nà tí kò ní ṣeé ṣí kíá láti inú. Ojú Ìkòròdú rí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, nígbà tí iná jó ilé iṣẹ́ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì kú sínú rẹ̀.

Kì í ṣe pé òyìnbó ti bọ́ nínú ewu iná. Èèyàn 72 ló kú nínú iná tó jó Grenfell Tower, ilé gbígbé alájà púpọ̀ kan ní London, ní ọdún 2017, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ wọn pé kí wọ́n dúró sínú ilé. Níbi iṣẹ́ wa náà, àwọn kan ń ṣe ẹ̀kọ́ ọdọọdún lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á kàn máa tẹ̀ ẹ́ lọ bí wọ́n ṣe ń jẹ bisikíìtì.

Ní Èkó, ẹ ṣáà pariwo "Iná o!", àdúgbò á ti gbé iyẹ̀pẹ̀ àti omi dé kí àwọn panápaná tí ẹ pè ní 767 tàbí 112 tó la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá. Leeds ò ní ìyẹn. Àmọ́ ní Èkó, ọjà ni ọ̀pọ̀ ń sáré wọlé lọ gbé, torí kò sí adójútòfò tí yóò san án padà. Ẹni tí gbogbo owó òwò rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè bú u.

Àbúrò mi tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ní kí n kọ ohun tí wọ́n kọ́ wa ránṣẹ́. Ó ti fi bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ panápaná han àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò kúrò nídìí jẹnẹrétọ̀. Orí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn la ti fà á: "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ohun tí ẹ kọ ló dáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí ìyẹn sílẹ̀, kí n tó jẹun ọ̀sán dé, bébà ti tán." Mo ní kò ní láti ṣí i sílẹ̀: irin gbọọrọ kan wà tí wọ́n ń fi dábùú ilẹ̀kùn nínú; ẹni tó wà nínú á fi ara tì í, á sì ṣí, ẹni tó wà níta ò ní rí ibi dì mú. Mo ya fọ́tò tiwa ránṣẹ́. Ó ti mú un lọ bá wẹ́dà, wọ́n ṣì ń ná an lọ́wọ́.