Etí Bàbá, Etí Ààrẹ

Àjàṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú

Oníbàárà kan gbé fótò bàbá rẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi ní Wándò lónìí, irú fótò pénpé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ káàdì, ó ní kí n yà á ní ńlá fún ìnáwó òkú. A dúnàádúrà tán, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín etí bàbá kù díẹ̀." Ẹ̀rín pa mí. Mo ní Ààrẹ Amẹ́ríkà pàápàá bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yìí rí, wọn ò gbà fún un. Ó ní òun á lọ bi àwọn ẹ̀gbọ́n òun.

Mi ò purọ́ fún un. Lọ́jọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 2018 tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán Barack Obama ní ilé àwòrán National Portrait Gallery ní Washington, òun fúnra rẹ̀ ló fi dá àpárá pé òun bẹ ayàwòrán kó dín ewú orí òun àti etí òun kù, ó kọ̀ jálẹ̀. Kehinde Wiley ni ayàwòrán náà, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ìbejì gidi sì ni. Ẹni tó rán Táyé lọ tọ́ ayé wò, ṣé ààrẹ ni yóò wá rán an níṣẹ́?

Ewé inú àwòrán yẹn ló wù mí jù. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga onígi, kò so táì, ó ká apá lé orúnkún. Kò sí àsíá lẹ́yìn rẹ̀, kò sí tábìlì ọ́fíìsì, ewé tútù yọ̀yọ̀ ni látòkè délẹ̀, ó tilẹ̀ ti fẹ́ gun bàtà rẹ̀. Àwọn òdòdó tó yọ láàárín ewé ń kì í ni: jasmine fún Hawaii tí wọ́n bí i sí, chrysanthemum fún Chicago, lílì aláwọ̀ búlúù fún Kẹ́ńyà ilé bàbá rẹ̀.

Níbí, fótò ni ti ààrẹ. Bí ìjọba bá yí, wọ́n á yọ ti àná, wọ́n á fi tuntun kọ́ ìṣó kan náà. Àwọn ọba wa tó ń dé adé onílẹ̀kẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ ká rí ojú wọn dáadáa, ìlẹ̀kẹ̀ ló ń bò ó, torí adé là ń wárí fún. Ẹni tó bá wá gbà kí wọ́n ya ewú òun bó ṣe rí, lójú tèmi, ó mọ̀ pé àga náà kì í ṣe ti bàbá òun.

Ọmọ iṣẹ́ mi bá àwòrán Michelle ìyàwó Obama, èyí tí Amy Sherald yà, pàdé lórí fóònù. Ara obìnrin náà rí bí eérú. "Ọ̀gá, ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?" Èmi tí mo ń po ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú mọ́ ìyeyè, tí mo ń ta búlúù díẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n kí òjìji lè jókòó, mo ṣàlàyé pé bí Sherald ṣe ń ya gbogbo èèyàn dúdú nìyẹn, kí wọ́n lè wo èèyàn kí wọ́n tó wo àwọ̀. Ó ní bí òun bá ya ìyàwó oníyàwó báyìí ní Wándò, àsansílẹ̀ nìkan lòun máa rí gbà.

Mi ò rí èsì fọ̀.