Ọmọ Ilé-Ìwé Tó Dá Galatasaray Sílẹ̀

Látàárọ̀ ni ọ̀rọ̀ Ali Sami Yen ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Nítorí Victor Osimhen, kò sí ẹni tí kò mọ Galatasaray, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Tọ́kì, mọ́ ní àdúgbò wa, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹni tó dá a sílẹ̀.

Ọdún 1886 ni wọ́n bí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1905, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé Galatasaray ní Istanbul dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló sì wà ní ipò kìíní nínú ìwé ọmọ ẹgbẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ gbọ́! Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ bíi Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn ní àwọ̀ àti orúkọ, kí àwọn sì máa na àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti Tọ́kì.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Gíríìkì ló ń fẹlá lórí pápá nígbà náà. Sultan Abdülhamid Kejì kò fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ Tọ́kì kóra jọ, ẹ̀rù ọ̀tẹ̀ ń bà á. Ní 1901, àwọn kan dán an wò, ọlọ́pàá tú wọn ká. Ẹni tó tún wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn láyà. Àti pé ọmọ Albania ni Şemsettin Sami, bàbá Ali Sami, tó kọ ìwé atúmọ̀ èdè Tọ́kì! Bàbá ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ, ọmọ ń ṣa agbábọ́ọ̀lù jọ.

Pupa àti funfun ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀. Ní 1908, wọ́n rí aṣọ pupa àti yẹ́lò ní ìsọ̀ Yanko. Lójú Ali Sami, ńṣe ni méjèèjì ń kọ mànà bí iná. Mo fẹ́ràn pé ààrẹ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń wá aṣọ kiri ọjà.

Òun náà ni kóòṣì nígbà tí Tọ́kì kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn, Romania, ní 26 oṣù kẹwàá 1923: ọ̀mì, 2-2. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kéde orílẹ̀-èdè olómìnira. Ó kú ní 1951, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí ní Mecidiyeköy, àdúgbò kan ní Istanbul, ní 1964. Wọ́n ti wó ìyẹn. Lórí tuntun, wọ́n lẹ orúkọ iléeṣẹ́ mọ́ tirẹ̀. Owó ló fà á, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Ali Sami Yen ni èmi á máa pè é.