Mẹ́ta péré títí dọjọ́ alẹ́: bí mo ṣe yan àjàrà mi ní Cape

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá eré náà sílẹ̀. A ò tíì kúrò ní pápákọ̀ òfurufú Cape Town, àpótí mi ò tíì yọjú, tí wọ́n fi bi mí pé, "Bí wọ́n bá ní ẹ̀yà àjàrà mẹ́ta péré lo lè máa mu wáìnì wọn títí tó o fi máa kú, èwo lo máa mú?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí àpótí mi ná. Ẹ̀gbọ́n ní tiwọn ò gba ìrònú: Cabernet Sauvignon, Cabernet Sauvignon, Cabernet Sauvignon.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń gbé Johannesburg, wọ́n sì ti di ọ̀gá nídìí ọ̀rọ̀ wáìnì, ó kéré tán lójú ara wọn. Èmi ará Ìbàdàn, wáìnì tí mo mọ̀ ní kékeré ni ti ọjọ́ Kérésì, ìgò kan ṣoṣo, pupa, tó dùn bí oyin, tí wọ́n á máa pín fún ogún èèyàn bí ẹni ń pín oògùn. Bàbá wa kì í tiẹ̀ fẹnu kàn án. Ẹmu ni tiwọn. Bí ẹ bá gbé igbá lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á ní ẹmu ọ̀pẹ lèyí, kì í ṣe ògùrọ̀. Wọ́n á ní ti àárọ̀ yìí ni, tàbí ti àná. Bí ẹlẹ́mu bá sì ti bu omi là á, ọjọ́ yẹn ni ẹ máa gbọ́ èébú. Bàbá wa ni mo rántí nígbà tí mo rí àwọn òyìnbó tó ń ki imú bọ inú ife ní Cape.

Ti físà, ẹ jẹ́ ká fò ó. Oṣù Kejì ọdún la lọ, nígbà tí wọ́n ń kórè àjàrà lọ́wọ́, torí ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni àkókò yẹn jẹ́. Ọgbà àjàrà tí mo mọ̀ kó tó dìgbà náà kò ju ti Nábótì inú Bíbélì lọ.

Constantia la kọ́kọ́ lọ, nítorí kò jìnnà sí àárín ìlú. Ọdún 1685 ni Simon van der Stel, tó jẹ́ olórí àwọn Dutch ní Cape nígbà náà, gba ilẹ̀ ibẹ̀. Wáìnì dídùn ibẹ̀ gbajúmọ̀ dé Yúróòpù débi pé Napoleon ń mu ún ní erékùṣù Saint Helena tí wọ́n lé e lọ, títí tó fi kú sọ́hùn-ún ní 1821. Mo tọ́ èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí wò. Ó dùn, ó ń ta sánsán bí òdòdó àti èèpo ọsàn, àmọ́ kíkan díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò jẹ́ kó súni. Ṣùgbọ́n mo rọra mu ún ni. Àwọn tó gbin àjàrà ìgbà yẹn, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n gbé àgbá rẹ̀, ẹrú ni wọ́n, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Madagascar, Mozambique, Íńdíà àti àwọn erékùṣù Indonesia. Ilé funfun ńlá tó wà nínú ọgbà náà rẹwà lóòótọ́. Àwọn wo ló gbé bíríkì rẹ̀?

Ibẹ̀ náà ni mo ti pàdé dókítà. Orúkọ tí wọ́n ń pe afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti gúúsù ìlà oòrùn nìyẹn, Cape Doctor, torí wọ́n ní ó máa ń gbá àìsàn kúrò nílùú. Àwọn àgbẹ̀ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń gbẹ omi kúrò lára ewé, ebu kì í ráyè jẹ àjàrà. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ṣí fìlà mi, ó di inú ọgbà, ẹ̀gbọ́n sì dúró, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò bí mo ṣe ń sáré láàárín ewé.

Lọ́jọ́ kejì a gba takisí lọ sí Stellenbosch, tó tó nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà. Awakọ̀ wa, ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ oko wáìnì ni. Ó ní òun kì í mu ún. Láyé bàbá òun, wáìnì ni wọ́n fi ń san apá kan owó iṣẹ́ fáwọn òṣìṣẹ́ oko, ife kan láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án, òmíràn nírọ̀lẹ́. "Dop" ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Òfin ti dè é tipẹ́, àmọ́ ó pẹ́ kí wọ́n tó jáwọ́ lóòótọ́, àwọn ọmọ tí ìyá wọn mutí nínú oyún sì ń jìyà rẹ̀ di báyìí. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà, ó já wa sílẹ̀, ó ní òun á padà wá gbé wa láago márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀ Cabernet fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní Stellenbosch, ọ̀rọ̀ Pinotage, àjàrà pupa kan, ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ fún àlejò, torí ọmọ ilé wọn ni. Ní 1925, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold ti Yunifásítì Stellenbosch mú Pinot Noir, tó jẹ́ àkẹ́ àjàrà, ó mú un bá Cinsaut, àjàrà mìíràn tí kì í bẹ̀rù oòrùn, kí wọ́n lè jọ bímọ. Hermitage ni wọ́n ń pe Cinsaut ní Cape láyé ọjọ́un, ibẹ̀ ni orúkọ Pinotage ti wá. Kóró mẹ́rin péré ló rí nínú ẹ̀, ó gbìn wọ́n sí ọgbà ilé tó ń gbé. Nígbà tó di 1927, ó fi yunifásítì sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, igbó sì bo ọgbà náà. Wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ wá ro ó. Ọpẹ́lọpẹ́ olùkọ́ kékeré kan, Charlie Niehaus, tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, tó sì mọ̀ nípa ohun tí Perold gbìn, ló fi yọ irúgbìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́nu ọkọ́. Wáìnì àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ Pinotage sí lára, 1961 ni wọ́n gbé e jáde fún títà.

Ìtàn yìí dùn mọ́ mi ju ọtí náà lọ, kí n má parọ́. Ife àkọ́kọ́ ní òórùn táyà tó ń jó. Ẹlẹ́ẹ̀kejì dáa, ó pọ́n dúdú, ó jọ ìgbà téèyàn bá ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò èso tí wọ́n sè. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ń ta sánsán bíi kọfí, torí wọ́n yan inú igi àgbá rẹ̀ kó dúdú dáadáa. Mo bi ara mi pé ta ni mò ń mu gan-an, àjàrà ni àbí káfíńtà?

Ọmọbìnrin tó ń bu ọtí fún wa, ará Zimbabwe ni, ó mú wa wọnú ọgbà. Ó já èso kan fún mi, ó ní kí n jẹ ẹ́. Kò jọ àjàrà tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì rárá. Ó kéré, kóró kún inú rẹ̀, èèpo rẹ̀ le, ó sì dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí mo tẹ òmíràn, omi tó jáde kò pupa, bẹ́ẹ̀ èso pupa ni. Ó ní inú èèpo ni àwọ̀ wà. Bí wọ́n bá jẹ́ kí omi àti èèpo jọ wà pọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ni wáìnì ń pupa. Inú èèpo yẹn náà ni ohun tó ń fún ahọ́n pọ̀ bíi ti obì wà. Ọ̀rọ̀ obì yìí là mí lójú. Látọjọ́ yẹn, bí ẹ bá bi mí bí Cabernet ṣe rí lẹ́nu, mo máa ní ẹ lọ jẹ obì àbàtà, kẹ́ ẹ wá fi omi èso dúdú lé e.

Lẹ́yìn náà ló bu Chenin Blanc, wáìnì funfun, fún wa. Odò Loire ní ilẹ̀ Faransé ni ilé àjàrà yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Cape débi pé wọ́n ti sọ ọ́ ní orúkọ tiwọn, Steen, àfi ìgbà tó di àwọn ọdún 1960 tí àwọn onímọ̀ tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé Chenin ni Steen tí wọ́n ń mu látọjọ́ yìí wá. Lónìí kò sí orílẹ̀-èdè tó gbìn ín tó Gúúsù Áfíríkà. Fún ìgbà pípẹ́, àjàrà alágbàṣe ni: wọ́n ń sè é di brandy, wọ́n ń ṣe é ní wáìnì olówó pọ́ọ́kú. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò kà á sí, wọ́n fi igi rẹ̀ sílẹ̀ tó ń dàgbà. Igi àgbà ò so púpọ̀, àmọ́ ìwọ̀nba èso tó so máa ń ní adùn tó kún. Ní báyìí, ọgbà tó bá ti pé ọdún márùndínlógójì, wọ́n lè lẹ èdìdì àkànṣe mọ́ ọrùn ìgò rẹ̀, wọ́n á kọ ọdún tí wọ́n gbin igi náà sí i lára. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ìyẹn, wọ́n gbé ojú sókè. Wọ́n ní ṣé ti 1974 wà? Ọdún tí wọ́n bí wọn nìyẹn. Wọ́n wá a títí, wọ́n rí i nílé ìtajà kan láàárín ìlú. Wọ́n ní àwọn ò ní mu ún, ohun ìrántí ni.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni eré di ìdánwò. Ilé tá a gbà ní ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n ti gbé kúlà kan wá láti Johannesburg, kí ló kún inú ẹ̀ bí kò ṣe ata rodo, epo pupa, ẹja gbígbẹ àti irú tí wọ́n fi ọ̀rá mẹ́rin wé. (Òórùn irú ò mọ ọ̀rá. Gbogbo aṣọ wọn ló gbà á.) A se ayamáṣe, a ro ẹ̀fọ́, a gbé ìgò mẹ́fà kalẹ̀: Cabernet, Pinotage, Syrah, Cinsaut, Chenin, Sauvignon Blanc. Mo ní níwájú ata ni ká ti mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́.

Cabernet ló kọ́kọ́ ṣubú. Ohun tó ń fúnni lẹ́nu bí obì yẹn, òun àti ata pẹ̀lú ọtí tó le nínú rẹ̀ ló parapọ̀ dáná sí wa lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ń làágùn, wọ́n ń ní, "Ó dáa, ó dáa." Pinotage ṣe díẹ̀, òun náà bá rẹ̀. Sauvignon Blanc ń run bí ata tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, kò bá wa jà, àmọ́ ọbẹ̀ gbé e mì pátápátá. Syrah ló yà mí lẹ́nu: òórùn iyèré wà lára rẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe àfiwé lásán, torí ohun tó ń fún ata dúdú òyìnbó ní òórùn wà nínú èèpo àjàrà yẹn. Òun àti ẹja gbígbẹ mọ ara wọn.

Cinsaut, mo gbé e sínú fíríìjì fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pè mí lẹ́jọ́ pé ta ní ń gbé wáìnì pupa sí fíríìjì. Àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti sóbò, ó ń lọ lọ́fun bẹ́ẹ̀ náà. Ìgbà tó kan Chenin, a dákẹ́. Ó kan bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa, kíkan yẹn gbá epo pupa kúrò lẹ́nu, lẹ́yìn rẹ̀ adùn díẹ̀ bí oyin wá pa iná ata. Mo tún bu ẹ̀fọ́. Mo tún bu Chenin. Ẹ̀gbọ́n náà ń bu tiwọn, wọn ò sọ nǹkan kan.

Láàárọ̀, kí n tó fọ abọ́, mo to ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sójú fèrèsé. Chenin ti gbẹ. Cinsaut ti gbẹ. Syrah ku bí ìka méjì. Cabernet, tó wọ́n jù lọ nínú gbogbo wọn, ó ku ju ìdajì lọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n wá wò ó. Mo ní mo ti rí mẹ́ta tèmi: Chenin, Cinsaut, Syrah. Wọ́n ní irọ́ ni, pé wáìnì gidi, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mu ún. Mo ní èyí tí mo bá fẹ́ fi ṣe ọ̀rẹ́ títí dọjọ́ alẹ́, èmi ò fẹ́ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Pinotage tó o gbọ́ ìtàn rẹ̀ tójú ẹ fẹ́ máa ṣomi ńkọ́?" Mo ní mo ti mú òbí rẹ̀ kan, ọmọ á máa bẹ̀ wá wò.

Franschhoek la fi ọjọ́ tó kù jẹ. Àwọn Huguenot tó sá kúrò ní ilẹ̀ Faransé nítorí ẹ̀sìn ló tẹ̀dó síbẹ̀ láti 1688, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan sì wà tó ń gbé àlejò kiri láàárín àwọn ọgbà. Ó dára, ó wọ́n, èrò pọ̀. Tọkọtaya kan láti Durban bá wa dá sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré yẹn, ìyàwó mú Chenin, ọkọ mú Merlot, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi sọ̀.

Mo gbé ìgò mẹ́rin wálé, mo fi agbádá wé wọn. Cinsaut kan fọ́ lọ́nà. Agbádá funfun ni.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ẹ̀gbọ́n tó pè mí, alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo gbọ́ tí ṣíbí ń kan abọ́. Mo ní kí lẹ̀ ń jẹ, wọ́n ní ẹ̀fọ́ rírò. Mo ní kí lẹ fi ń sìn ín, Cabernet? Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wúkọ́.

"1974," ni wọ́n wí. "Ó ku ife kan."