"Orí Mi Kì Í Gba Ìṣirò": Ohun Tí Kíláàsì Kọ́ Mi Nípa Èrò Ọkàn

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé ohun tí èèyàn bá ń rò lọ́kàn ló máa ń rí. Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní kíláàsì karùn-ún tí mò ń kọ́ n'Íbàdàn, ó sì máa ń dùn mí ju kí ọmọ gba òdo lọ: "Àǹtí, orí mi kì í gba ìṣirò." Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń sọ̀rọ̀ yìí o. Kò tíì ka ohun tó wà lójú pátákó tán tó fi ti gbé bírò sílẹ̀. Tí mo bá bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, á ní màmá òun ni. Tí mo bá bi màmá, wọ́n á ní bí bàbá rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn, pé wọn kì í mọ ìṣirò nílé wọn.

Ẹ wá lọ bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọjà Bódìjà, níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ ta ata. Ẹ ra tàtàṣé, ẹ ra rodo, ẹ ra àlùbọ́sà mọ́ ọn, ẹ na ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sí i. Kí ẹ tó to ẹrù yín sínú àpò, ó ti ka ṣéńjì lé yín lọ́wọ́, kò sì ní ṣì í. Ọmọ kan náà ni o. Tó bá di ọjọ́ Ajé tí mo kọ 5,000 − 3,650 sójú pátákó, ojú rẹ̀ á kún fún omi. Ṣé orí méjì ló ní ni?

Irú nǹkan yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, lọ bá àwọn ọmọ tó ń tajà ní Recife, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 1985. Wọ́n bi ọmọ ọdún 12 kan pé èló ni àgbọn kan, ó ní 35 cruzeiro, owó ilẹ̀ wọn nígbà náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mẹ́wàá. Ọmọ yìí kò fi òdo sẹ́yìn 35 bí a ṣe ń kọ́ wọn nílé ìwé. Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, mẹ́ta mìíràn tún wọ̀ ọ́, ó di 210, ó ku mẹ́rin. Ó dé 315, ó sì fìdí ẹ̀ tì sí 350. Ó gbà á. Nínú ìṣirò tí àwọn ọmọ náà ṣe nídìí ọjà, wọ́n gba nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní irú ìṣirò kan náà lórí ìwé, nọ́ńbà lásán, láìsí àgbọn, láìsí oníbàárà, ohun tí wọ́n gbà kò ju 37 lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò lọ́jà yàtọ̀ sí ti ilé ìwé, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí ara rẹ̀ ló ń di ẹ̀bi náà rù.

Èmi ò gbà pé èèyàn lè jókòó kó máa ro owó títí owó á fi wọlé. Ibi tí mo ti rí iṣẹ́ èrò ni ìṣẹ́jú tí nǹkan bá le. Ọmọ tó gbà pé orí òun ti dí, bí ìbéèrè bá le díẹ̀, ẹ̀rí ló rí yẹn, á sì gbé bírò sílẹ̀. Torí pé ó gbé bírò sílẹ̀, kò dánra wò. Torí pé kò dánra wò, tó bá fi di táàmù tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ, ó wá kù sẹ́yìn lóòótọ́. Ọdún á máa yí lu ọdún. Á dé WAEC, kò ní rí kírédíìtì nínú ìṣirò, bó bá sì jẹ́ ẹ̀kọ́ tó ń béèrè ìṣirò ló fẹ́ kà ní yunifásítì, wọn kò ní gbà á. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ń ṣe é. Kíláàsì karùn-ún nìrìn-àjò yẹn ti bẹ̀rẹ̀, mo wà níbẹ̀.

Ìyìn náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìbéèrè, wọ́n sì yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ gan-an. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan iṣẹ́ tó kàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè ní ọlọ́pọlọ pípé yan èyí tó rọrùn, kí orúkọ wọn má baà bàjẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n sì ti gbé ìbéèrè líle kan fún gbogbo wọn, àwọn ọlọ́pọlọ pípé ló jó rẹ̀yìn, àwọn tí wọ́n yin iṣẹ́ wọn sì tẹ̀ síwájú. Mo ń rí èyí lára ọmọ tó máa ń ṣe ipò kìíní. Òun ló máa ń fi ọwọ́ bo ìwé rẹ̀ tí iṣẹ́ bá ṣòro.

Ẹnìkan á ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, kí ni tíṣà fẹ́ ṣe sí i? Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ orí gidigidi. Ṣùgbọ́n Ifá kan náà ló sọ ìtàn bí gbogbo orí ṣe péjọ tí wọ́n gbìmọ̀, tí wọn kò pe ẹsẹ̀ sí i, tí ìmọ̀ràn wọn kò sì wá sí ìmúṣẹ. Ìsapá ni ẹsẹ̀ yẹn.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ eléyìí, torí àwọn oníwàásù ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ èrò: ọmọ tí kò jẹun láàárọ̀, oúnjẹ ló nílò. Èyí tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi béèrè ìbéèrè, ẹ sọ ọ́ fún un ní Yorùbá. Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Èrò rere kò lè rọ́pò ìwọ̀nyẹn.

Ní tèmi, kò sí ẹni tó ń jẹ́ olódo ní kíláàsì mi mọ́, ì báà ṣe eré. Mi ò pín ìwé ìdánwò láti orí ẹni tó gbà jù dé orí ẹni tó gbà kéré jù. Tí ọmọ bá gbà á, mo máa ń ní kó wá fi ọ̀nà tó gbà hàn wá, títí kan ọ̀nà ọjà. Nígbà tí mo sọ 5,000 − 3,650 di owó ata, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó máa ń sunkún yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè láti 3,650: àádọ́ta, ó di 3,700, ọ̀ọ́dúnrún, ó di 4,000, ẹgbẹ̀rún kan, ó pé. Mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn ń lo ọ̀nà rẹ̀ báyìí.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn náà. "Àǹtí, èmi ò kàwé púpọ̀ o. Tí kò bá gbà á nílé ńkọ́, kí ni kí n sọ?" Mo ní, "Mà, ẹ ní kó fi ibi tó ti dúró hàn yín, kó ṣàlàyé fún yín bó ṣe débẹ̀. Kò di dandan kẹ́ ẹ mọ ìṣirò náà." Tí ọmọ bá ń ṣàlàyé lọ, lọ́pọ̀ ìgbà, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń rí ibi tó ti ṣì í.