Ọpọ́n ayò onígi iṣin: ibi tí mo bá a dé

Ìlà kan ti parí o! Ihò mẹ́fà ti jáde, mo ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí mẹ́fà tó kù.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, igi iṣin ni mò ń gbẹ́, ẹ̀ka ńlá kan tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì Bàbá Ṣadé torí ó ti ń kan wáyà iná, wọ́n ti fẹ́ là á sí igi ìdáná kí n tó sáré lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, igi tó le báyìí lo fẹ́ fọwọ́ gbẹ́?" wọ́n ṣá fún mi. Ó sì le lóòótọ́, òun náà ni ikán kì í fi í dédé dá sí i. Mo fi pẹ́ǹtì kun ojú méjèèjì tí ayùn gé kí omi má bàa tètè gba ibẹ̀ jáde, torí ibẹ̀ ni igi tútù ti máa ń là, mo wá gbé e sábẹ́ òrùlé, mo ti pákó wẹ́wẹ́ sábẹ́ ẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráàyè. Ó ṣì là létí kan, mo gé ibẹ̀ dànù.

Ara ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo funfun, àárín ló pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìyẹn ni mò ń lò. Béèyàn bá ti etí ihò gbẹ́ wá sísàlẹ̀, ṣísẹ̀lì á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ tó bá ti ìsàlẹ̀ gbé e lọ sókè, ṣe ló máa fa igi ya. Bí mo ṣe ń dán ihò wò ni pé mo máa da ọmọ ayò mẹ́rin sí i, mo máa fìka kó wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan bá ṣẹ́kù sí kọ̀rọ̀, ihò yẹn ò tíì dáa nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ká kúkú fi kóró iṣin ṣe ọmọ ayò, ó dúdú, ó ń dán, ó rẹwà. Mo ní rárá o, májèlé ni kóró yẹn, a sì ní ọmọ kékeré nílé tí kò sí nǹkan tí kì í kì bọnu. Iṣin ò ṣe é fi ṣeré: àfi èyí tó bá la ẹnu fúnra ẹ̀ lórí igi, ara rírọ̀ yẹn nìkan la sì ń jẹ níbẹ̀, èyí tí ò tíì là lè pààyàn. Àwọn ará Jàmáíkà tó ń fi ẹja oníyọ̀ sè é náà ò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣàwàdà, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló sì ti débẹ̀ láyé òwò ẹrú, òun ni wọ́n wá fi ṣe èso orílẹ̀-èdè wọn. Ọmọ ayò gidi ni màá rà, 48.

Tó bá parí, àdín ni màá fi pa á, mi ò fẹ́ fáníìṣì, ó máa ń bó nínú ihò tí ọmọ ayò bá ti ń gbá a. Sandpaper ló kù tó ń dà mí láàmú, kì í fẹ́ jókòó dáadáa nínú ihò, bọ́ọ̀lù tẹ́nísì ni mo wé e mọ́ báyìí tí mo fi ń yí i, ó ń gbìyànjú. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ, ẹ sọ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì.