Ọmọ Mi Ní Kí N Má Sọ Yorùbá Lọ́jà Orí Omi

Àjọkẹ́ ni mo fi pè é, kó wá wo ọkọ̀ tó kún fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó dé etí. Ó fà mí láṣọ, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ èdè yẹn níbí, àwọn èèyàn ń wò wá. Ọmọ tí mo fi oríkì rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ dàgbà! Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Cái Răng la wà, ọjà orí omi tó wà ní ìlú Cần Thơ ní Vietnam, níbi tí odò Mekong ti ya yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó tó wọ òkun. Àwa olùkọ́ iléèwé wa la kó ẹbí wa jọ, tí a háyà bọ́ọ̀sì láti Saigon tí à ń gbé. Òru la gbéra, torí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 170, ọjà ọ̀hún kì í sì í dúró de ẹni tó sùn pẹ́. Afárá ńlá tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010 la gbà wọ ìlú. Kó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò sọdá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjà náà dùn ún wò. Ẹnikẹ́ni kì í polówó. Ọ̀pá oparun gígùn ni wọ́n ń nà sókè níwájú ọkọ̀, ohun tí wọ́n bá ń tà ni wọ́n ń so kọ́ ọ: elégédé, ànàmọ́, àlùbọ́sà. Bí o bá rí ewé àgbọn lórí ọ̀pá, ọkọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà. Aṣọ tí wọ́n sá nìkan ni kì í ṣe títà, bó bá sì jẹ́ ìyá mi ni, ì bá ti ná èyíkéyìí nínú rẹ̀. Afinimọ̀nà wa béèrè bóyá omi ń bà mí lẹ́rù. Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́! Ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà ni àárò ilé wá ń sọ mí.

Àmọ́ ọkọ̀ kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. Lọ́dún 2016, ìjọba Vietnam kọ ọjà yìí mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn, síbẹ̀ àwọn oníṣòwò ń dín kù. Títì ti dé, tírélà ń lọ kó irè ní oko gan-an, àwọn ọmọ ń lọ ṣiṣẹ́ ní fákítọ̀rì ní Saigon àti Bình Dương. Odò náà fúnra rẹ̀ ń jìyà. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló ń gbà kọjá, dáàmù tí wọ́n kọ́ sí òkè rẹ̀ ń dá ẹrẹ̀ ọlọ́ràá dúró, wọ́n sì ń wa iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn, omi iyọ̀ ń ti òkun wọlé wá bá oko ìrẹsì. Lọ́dún 2020, ìpínlẹ̀ márùn-ún ló kéde pàjáwìrì nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Èjìnrìn, ọjà etí ọ̀sà tiwa nítòsí Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn tí títì dé yóò mọ ohun tí mò ń wò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìyá kan ń bu hủ tiếu, núdù olómi ọbẹ̀ tiwọn, sí abọ́ nínú ọkọ̀ kékeré. Ó ké pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà dá a lóhùn láti inú ọkọ̀ kejì, ohùn tirẹ̀ tún ròkè ju ti ìyá lọ. Ojú ro mí.

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo tó bi tèmi pé kí ló dé. Ó ní ní kíláàsì, wọ́n máa ń sín òun jẹ bí òun bá bá mi sọ Yorùbá lórí fóònù. Iléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́! Mo ti lọ bá olùkọ́ rẹ̀, ó ní òun yóò bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀, mo sì ń ṣọ́ ọ. Nílé, èmi àti bàbá rẹ̀ ti fẹnu kò: alaalẹ́ Sátidé ni yóò máa bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, n kò sì ní ṣe ògbufọ̀.